Kọ̀ǹpútà Tí Ó Jí Tí Kò La Ojú: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Àwọn Ilé Wa

Ní ọ̀sẹ̀ yìí a fẹ́ bá yín sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó ti ń da ọ̀pọ̀ ilé láàmú ní agbègbè wa, láti Ibafo dé Mowe, àti ní apá Ifo pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ náà ni ti kọ̀ǹpútà tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń fi ọwọ́ ara wọn tò nínú ilé. Wọn a tan án, fáànù inú rẹ̀ a máa yí, iná ara rẹ̀ a máa tàn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ a dúdú bí òru, kò sì ní fi ohunkóhun hàn.

Ẹnìkan lè béèrè pé kín ni èyí kan ìwé ìròyìn ìdílé. A dáhùn pé ó kàn án gidigidi. Owó tí a fi ń ra ẹ̀yà ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í ṣe owó kékeré. Owó àjọ ìyá ni, owó ìfẹ̀yìntì bàbá ni, owó tí ọmọ fi ebi pamọ́ ni. Nígbà tí ẹ̀rọ kò bá sì la ojú, ẹjọ́ a dé. Ìyá a bú ọmọ, ọmọ a bú oníṣòwò, aládùúgbò a sì ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Láàrin ọdún kan, ilé mẹ́ta ni a ti pè wá sí nítorí irú ọ̀ràn yìí, a sì rí i pé nínú ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sí ẹ̀rọ kan tí ó kú.

Ilẹ̀ wa kì í ṣe àjèjì sí ẹ̀rọ. Ní Abẹ́òkúta, ní ọdún 1859, ni Òjíṣẹ́ Ọlọ́run Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròhìn jáde ní èdè Yorùbá. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ti to lẹ́tà òjé rí mọ̀ pé bí lẹ́tà kan kò bá jókòó dáadáa sí ààyè rẹ̀, ojú ìwé kò ní mọ́; kì í ṣe pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà rí.

Bí ẹ̀rọ náà ti ń jí

Kí a tó sọ ìtàn, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó wà nínú àpótí náà. Pátákó ńlá kan wà tí gbogbo ẹ̀yà yòókù jókòó lé, òun ni a ń pè ní màdábọ́ọ̀dù. Prósẹ́sọ̀ ni ọpọlọ ẹ̀rọ. Ráàmù ni iyè tí ó fi ń rántí ohun tí ó ń ṣe lọ́wọ́. Káàdì àwòrán ni ó ń ya ohun tí ojú wa ń rí, ojú-ẹ̀rọ tí àwọn oníṣòwò ń pè ní mọ́nítọ̀ ni ó sì ń fi í hàn. Àpótí iná ni ó ń sọ iná ilé di èyí tí ẹ̀rọ lè lò.

Kété tí a bá tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ a kọ́kọ́ yẹ ara rẹ̀ wò, ẹ̀yà kan tẹ̀lé òmíràn, kí ó tó fi ohunkóhun han ènìyàn. Ìṣe yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí ilé iṣẹ́ IBM gbé jáde ní ọdún 1981 a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá le, a dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lóde òní, iná kékeré mẹ́rin ni ó wà lára ọ̀pọ̀ màdábọ́ọ̀dù, a sì kọ CPU, DRAM, VGA àti BOOT sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ti àkọ́kọ́ dúró fún prósẹ́sọ̀, èkejì fún ráàmù, ẹ̀kẹta fún káàdì àwòrán, ẹ̀kẹrin fún ibi tí ètò iṣẹ́ ẹ̀rọ wà. Èyí tí ó bá tàn tí kò kú, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ dúró sí. Fáànù tí ń yí kò fi ohun kan hàn ju pé iná dé ibẹ̀ lọ. Nítorí náà, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ wo iná kékeré wọ̀nyí.

Ilé ti Mowe

Ìyá kan wà ní Mowe, ẹja gbígbẹ ni ó ń tà, opó sì ni. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ẹnìkan sì ti ṣèlérí iṣẹ́ fún un, bí ó bá lè ní kọ̀ǹpútà tí ó lágbára láti ṣe é kí oṣù tó parí. Ìyá kó àjọ rẹ̀, ó gbé e lé ọmọ lọ́wọ́, ọmọ náà sì mú owó náà lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà. Ó ra àwọn ẹ̀yà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, òmíràn tuntun, òmíràn tòkunbọ̀. Ó wọ ọkọ̀ ní Berger padà sí Mowe, ó gbé ẹrù náà lé itan bí ẹni tí ó gbé ọmọ tuntun.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tò ó. Ní alẹ́, nígbà tí iná dé, wọ́n tan án. Fáànù yí, iná aláràbarà tàn, ìyá pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ojú-ẹ̀rọ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo, pé òun kò rí àmì kankan gbà, ó sì ṣú. Wọ́n pa á, wọ́n tún un tàn, títí ilẹ̀ fi ṣú pátápátá. Bákan náà ni.

Nígbà tí ó fi di ọjọ́ Ajé, ọ̀rọ̀ ti di ńlá. Ọkọ ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ní ó dájú pé páńtí ni oníṣòwò tà fún un. Ìyá gbé tẹlifóònù, ó pe oníṣòwò náà ní àárọ̀, ó sì pè é ní olè lójú gbogbo ará ilé. Wọ́n pinnu pé bí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun bá mọ́, àwọn yóò mú ọlọ́pàá lọ sí Ìkẹjà. Ẹnìkan sì ti ń dárúkọ aládùúgbò kan tí ó wá kí wọn ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí ó fi ọwọ́ kan àpótí náà. A mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń já sí, àní nínú ilé onígbàgbọ́.

Ọmọ náà ni ó wá pè wá ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá Olùkọ́, ẹ bá mi wá bá màmá mi sọ̀rọ̀. N kò mọ ibi tí mo ti ṣe é tì.” A dé ibẹ̀, a kí wọn, wọ́n kí wa. A bi ìyá náà pé, “Màmá, ta ni ó ti bi ẹ̀rọ yìí léèrè ohun tí ó ṣe é?”

Ó ní, “Bàbá, ṣé ẹ̀rọ a máa sọ̀rọ̀ ni?”

A ní ó ń sọ̀rọ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀, àti pé àwọn àgbà wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Oníṣòwò kò tíì rí ààyè wí tẹnu rẹ̀, ẹ̀rọ kò sì tíì wí tirẹ̀.

A ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí náà, a sì wo iná mẹ́rin náà. Ti prósẹ́sọ̀ tàn, ó kú. Ti ráàmù tàn, ó kú. Ti káàdì àwòrán náà tàn, ó sì kú. Iná tí a kọ BOOT sí nìkan ni ó dúró, èyí sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí wọn kò tíì fi Windows sínú ẹ̀rọ náà. Nígbà náà ni a mọ̀ pé ẹ̀rọ ti yẹ ara rẹ̀ wò, ara rẹ̀ sì le. Ohun tí ó kù ni kí a wo ọ̀nà tí ó wà láàrin rẹ̀ àti ojú rẹ̀.

A yí àpótí náà padà, a fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ihò méjì ni okùn HDMI lè wọ̀ níbẹ̀: ọ̀kan lókè, lára màdábọ́ọ̀dù, èkejì nísàlẹ̀, lára káàdì àwòrán. Ti òkè ni ọmọ náà ki okùn bọ̀, nítorí pé òun ni ó súnmọ́ ọwọ́ rẹ̀. A ní kí ó mú páálí prósẹ́sọ̀ wá, a sì rí lẹ́tà F ní ìparí nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ fi èyí sọ́kàn. Prósẹ́sọ̀ Intel tí lẹ́tà F bá parí nọ́ńbà rẹ̀, irú 12400F, kò lè ya àwòrán fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni púpọ̀ nínú Ryzen ti ilé iṣẹ́ AMD, láti ọ̀wọ́ 1000 dé ọ̀wọ́ 5000, tí kò bá ní lẹ́tà G. Ihò òkè wà lára pátákó, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ń gba ibẹ̀ jáde. Ó dà bí ẹnu ẹ̀rọ omi tí a kàn mọ́ ògiri tí a kò so mọ́ kànga.

A yọ okùn náà, a ki í bọ ihò ìsàlẹ̀. Kí ìyá tó dìde lórí àpótí ìjókòó rẹ̀, ojú-ẹ̀rọ mọ́ kedere, orúkọ àwọn tí ó ṣe màdábọ́ọ̀dù náà sì hàn. Ọmọ náà kò lè sọ̀rọ̀. Ìyá pẹ̀lú dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn èyí ni ó mú kí a kọ ọ̀rọ̀ yìí fún yín. Ó gbé tẹlifóònù, ó sì pe oníṣòwò náà lójú àwọn kan náà tí ó ti bú u lójú wọn. Ó ní, “Ọmọ mi, èmi ni. Èmi ni mo ṣẹ̀ ọ́. Ọjà rẹ dára, ọwọ́ ọmọ mi ni ó ṣìnà. Jọ̀wọ́, má bínú.”

A gbọ́ ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé, “Ẹ ṣeun, Mà. Láti àárọ̀ ni n kò ti lè jẹun dáadáa. Àwọn tí ń pè láti bú wa pọ̀. Àwọn tí ń pè padà kò tó nǹkan.”

Ètò tí ó yẹ kí a tẹ̀lé

Láti ìgbà náà ni a ti kọ ètò kan sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ wa. Òfin rẹ̀ méjì ni: kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó rọrùn lọ sí ibi tí ó le, kí a má sì yí ju ohun kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó bá yí ohun méjì pọ̀ kò ní mọ èyí tí ó wo àìsàn náà sàn.

Èkíní, ẹ wo ojú-ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ṣé iná wọ inú rẹ̀? Ṣé ihò tí a ki okùn bọ̀ ni a yàn fún un láti máa wò? Ẹ yá okùn mìíràn, tàbí kí ẹ so ẹ̀rọ mọ́ tẹlifísọ̀n ilé.

Èkejì, ẹ rí i pé lára káàdì àwòrán ni okùn wà, bí ẹ̀rọ bá ní in.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo àwọn okùn iná inú àpótí. Èyí tí ó tóbi jù, elẹ́nu 24, ń bọ́ màdábọ́ọ̀dù. Òmíràn elẹ́nu mẹ́jọ wà tí ń bọ́ prósẹ́sọ̀ nìkan. Igun òkè ni ó sábà máa ń wà, òun ni a sì máa ń gbàgbé. Ẹ̀rọ tí a kò fún ní okùn yìí lè máa yí fáànù rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kì yóò jí. Ọ̀pọ̀ káàdì àwòrán ńlá pẹ̀lú ní okùn iná tirẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ yọ ráàmù, kí ẹ sì tún un fi sí ààyè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ dán ọ̀kan ṣoṣo wò, kí ẹ tó fi èkejì sí i.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ yọ okùn iná kúrò lára ògiri, kí ẹ sì yọ bátìrì róbótó tí a kọ CR2032 sí lára màdábọ́ọ̀dù fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ̀rọ yóò gbàgbé ètò tí a ti ṣe fún un, yóò sì bẹ̀rẹ̀ bí ọmọ tuntun.

Ẹ̀kẹfà, bí gbogbo èyí kò bá gbà, ẹ gbé màdábọ́ọ̀dù jáde, kí ẹ tẹ́ ẹ lórí páálí rẹ̀. Ẹ fi prósẹ́sọ̀ àti fáànù rẹ̀ sílẹ̀, ráàmù kan, àti káàdì àwòrán bí kò bá lè ṣe aláìní in, kí ẹ sì tan án. Bí ó bá jí níta, a jẹ́ pé nínú àpótí ni ọ̀tá wà: ó lè jẹ́ súkúrù kan tí ó bọ́ sí abẹ́ pátákó, tàbí irin kan tí ó ń kan ibi tí kò yẹ.

Ilé ti Ibafo

Ní Ibafo, tọkọtaya kan tí ń kọ́ àwọn ọmọdé ra ẹ̀yà ẹ̀rọ kí àwọn ọmọ lè fi kọ́ títẹ̀wé. Ó ṣú bákan náà. Alátùnúnṣe kan wò ó láàrin ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ní màdábọ́ọ̀dù ti kú, kí wọ́n lọ ra òmíràn. Ọkọ ti ń ka owó. Owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tiwọn fún sáà tí ń bọ̀ ni. Ìyàwó rẹ̀ ní, “Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn.”

Nígbà tí a dé ibẹ̀, iná DRAM ni ó dúró. Ráàmù náà wọlé ní apá kan, ṣùgbọ́n ní apá kejì ó ta díẹ̀ sókè, díẹ̀ tí ojú kò tètè rí. Ẹni tí ó tò ó bẹ̀rù kí ó má ṣẹ́ ẹ, nítorí náà kò tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀. A pa iná, a yọ okùn, a fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́, ó sì dún ní ìhà méjèèjì. Nígbà tí a tún tan án, ó la ojú. Ẹ ṣàkíyèsí pẹ̀lú pé bí ihò ráàmù bá jẹ́ mẹ́rin, tí ráàmù sì jẹ́ méjì, ihò kejì àti ẹ̀kẹrin sí prósẹ́sọ̀ ni ìwé ìtọ́ni sábà máa ń yàn. A kò sọ pé alátùnúnṣe náà fẹ́ jalè. Ìkánjú ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkánjú rẹ̀ ì bá ti jẹ owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mẹ́ta.

Ilé ti Ifo

Ojú irin tí ó ti Èkó wá, tí ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, gba Ifo kọjá. Ìlú tí ó mọ bí a ti ń dúró de ọkọ̀ ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni àwa fúnra wa ti jẹ̀bi àìnísùúrù.

Ọmọbìnrin ilé ni ó tò ẹ̀rọ náà, bàbá rẹ̀ tí ó ti fẹ̀yìntì ni ó sanwó. Àwa tí a ti wo ẹ̀rọ méjì sàn wọlé bí oníṣègùn ńlá. A tan án, iná DRAM dúró. A ní ráàmù ni. A pa á, a tẹ ráàmù, a tún un tàn, ó ṣú. A ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. A sì yíjú sí bàbá náà pé kí ó múra láti padà sí ọjà. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

Ọmọbìnrin náà ti ń ka ìwé kékeré inú páálí màdábọ́ọ̀dù. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ má bínú. Ìwé yìí ní nígbà àkọ́kọ́ ó lè pẹ́ kí ó tó hàn, kí a má ṣe pa á.”

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà. Ráàmù irú ti tuntun, èyí tí a ń pè ní DDR5, pàápàá lára àwọn Ryzen tí AMD gbé jáde láti ọdún 2022, ní ohun tí ẹ̀rọ ń kọ́ nípa rẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá pàdé, ẹ̀kọ́ náà sì lè gba ìṣẹ́jú mélòó kan. Ní gbogbo àkókò yìí ojú-ẹ̀rọ a dúdú. Ẹ̀rọ náà ń kọ́ ìwé, àwa ni a ń lé e jáde ní kíláàsì, tí ó sì ń bẹ̀rẹ̀ láti A lẹ́ẹ̀kan sí i. A tan án nígbà kẹrin, a sì jókòó. A kò tíì mu omi tí wọ́n bù fún wa tán tí ó fi la ojú. A tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ọmọ náà níwájú bàbá rẹ̀, nítorí ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìkìlọ̀ díẹ̀

Ó tún lè jẹ́ pé màdábọ́ọ̀dù ti ṣáájú prósẹ́sọ̀ dé ayé, tí ètò tí ń bẹ nínú rẹ̀, èyí tí a ń pè ní BIOS, kò sì mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 2018 ọ̀ràn yìí dé bá àwọn tí ó ra Ryzen 2200G àti 2400G káàkiri, títí ilé iṣẹ́ AMD fi ń yá wọn ní prósẹ́sọ̀ àtijọ́ láti fi jí ẹ̀rọ wọn, kí wọ́n lè fi BIOS tuntun sí i, kí wọ́n sì dá a padà. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá BIOS pátákó náà mọ prósẹ́sọ̀ tí ẹ fẹ́ rà.

Ẹ yọ okùn iná kí ẹ tó fi ọwọ́ kan inú ẹ̀rọ. Ẹ fi ọwọ́ kan irin àpótí lákọ̀ọ́kọ́, pàápàá ní àkókò ọyẹ́, nítorí iná tí ń bẹ lára aṣọ àti kápẹ́ẹ̀tì lè ba ẹ̀yà jẹ́. Bí ẹ bá rí bọ́tìnnì 115 àti 230 lẹ́yìn àpótí iná, 230 ni ti ilẹ̀ wa. Ẹni tí ó bá fi sí 115 yóò gbọ́ ariwo. Ẹ má ṣe ṣí àpótí iná fúnra rẹ̀ láé, nítorí iná lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ okùn, ó sì lè pa ènìyàn.

A kò sọ pé ẹ̀rọ kì í kú, tàbí pé gbogbo oníṣòwò ni ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn jíjóná, tàbí tí ẹ rí ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ó wọ́ níbi tí prósẹ́sọ̀ ń jókòó sí, ẹ̀yà ti bàjẹ́. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí ìsanwó, kí ẹ sì ní kí a dán ọjà tòkunbọ̀ wò lójú yín kí ẹ tó kúrò ní ìsọ̀.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín ni pé kí ìwádìí máa ṣáájú ẹ̀sùn. Òfin kẹsàn-án kò yọ oníṣòwò tí a kò mọ̀ rí sílẹ̀, kò sì yọ aládùúgbò tí ó kàn wá kí wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin Mowe parí iṣẹ́ rẹ̀ kí oṣù tó pé. Nígbà tí ó sì fẹ́ ra ráàmù kejì, ìyá rẹ̀ ni ó sọ ibi tí yóò ti rà á: ní ìsọ̀ ọmọ tí ó ti pè ní olè.